Àtẹ̀jáde Ìpàdé Gbogboogbò Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Èrò: Ọtí, Oògùn Olóró àti Ẹ̀mí Tó Wà Níkàáwọ́ Wa

Àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì, awakọ̀ míkírà, kọ̀ndọ́kítọ̀ àti agbèrò tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ wa n'Ìbàdàn, tó ń kó èrò lọ sí Èkó, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ilé-Ifẹ̀ àti Oǹdó, ṣe ìpàdé gbogboogbò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọtí àti oògùn olóró tí à ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìyàwó awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìyá aláàgbo àti àwọn olóúnjẹ inú páàkì wà níbẹ̀, àwọn elétò ìlera tí ẹgbẹ́ pè sì bá wa jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A gbọ́ tẹnu gbogbo wọn. Lẹ́yìn àríyànjiyàn tó gbóná, ìpàdé fẹnu kò sórí àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ó sì pàṣẹ kí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ jáde, kí a kà á sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì.

ÌDÍ TÍ A FI PÉJỌ

1. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní páàkì tí kò mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ níbẹ̀. Kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, tábìlì aláàgbo ti wà lẹ́nu géètì. Ìgò tò lé e lórí: ọ̀kan jẹ̀dí, ọ̀kan ọpá ẹ̀yìn, èyí tí egbò kún inú rẹ̀ dé ọrùn sì ni ti àlè. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ gbogbo wọn. Awakọ̀ tí ìlà kàn kì í jókòó. Á da ife kékeré kan sẹ́nu, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, á ní kí ìyá tún bu òmíràn. Nígbà mìíràn, hóró oògùn kan á jáde látinú bébà tí wọ́n ká sábẹ́ ìgò, awakọ̀ á fi ife kẹta gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sídìí ọkọ̀ elérò 18, tí àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ yóò máa wí pé, “Dírẹ́bà, ẹ jẹ́ ká máa lọ o.”

2. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti páàkì wa nìkan. Ìwádìí tí àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 22.4 ní gbogbo gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìdá 23 ní Ọ̀yọ́, ìdá 33 ní Èkó. Ọtí kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

3. Ìpàdé gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kí awakọ̀ jáwọ́ nínú nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe fún un nínú ara. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀jáde yìí fi gùn. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

OHUN TÍ ỌTÍ Ń ṢE NÍNÚ ARA

4. Ọtí kì í dúró dìgbà tí oúnjẹ bá dà kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba ara ikùn wọlé, èyí tó pọ̀ jù ń gba ìfun kékeré, ìṣẹ́jú mélòó kan ló sì fi ń dé ọpọlọ. Ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa, kíá ni tirẹ̀ ń gùn ún.

5. Inú ọpọlọ ni àwọn èròjà kan ti ń gbé iṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn. Èyí tó ń jẹ́ GABA ń dẹ ọpọlọ lára; èyí tó ń jẹ́ glutamate ń ta á jí. Ọtí ń fún ti àkọ́kọ́ lágbára, ó sì ń dí èkejì lọ́wọ́. Apá iwájú ọpọlọ, tó wà lẹ́yìn iwájú orí, ni ìdájọ́ àti ìkóra-ẹni-níjàánu wà, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí ọtí ń kọ́kọ́ dé bá. Ẹni tó mutí yóò máa rò pé òun ń wakọ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ibi tí ì bá fi mọ̀ pé òun kò dá ṣáká mọ́ gan-an ni ọtí ti mú sùn. Kí awakọ̀ má ṣe sọ fún wa mọ́ pé, “Mo mọ ara mi.” Ẹni tó ti mu ún kò lè mọ ara rẹ̀.

6. Láti ibẹ̀, ó ń lọ sí ọpọlọ kékeré tó wà lápá ẹ̀yìn orí, èyí tó ń mú kí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ojú kì í tètè sọ fún ẹsẹ̀ mọ́ pé kó tẹ bíréèkì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: ọkọ̀ tó ń sáré 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré pẹ́ sí i, ọkọ̀ ti fi mítà 12 àti ààbọ̀ lọ síwájú kí bíréèkì tó mú rárá. Àyè tó wà láàárín wa àti tírélà tó dúró lójú ọ̀nà lókùnkùn ní Ògèrè kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

7. Ẹ̀dọ̀ ló ń wẹ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bó sì ṣe ń ṣe é kò ṣe é lé sáré. Ọtí ọlọ́ràá kan, mílílítà 30, ní tó gíráàmù 10 ògidì ọtí nínú. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà sábà máa ń fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ parí ọ̀kan. Ẹni tó bá mu mẹ́jọ kó tó sùn ní ọ̀gànjọ́ òru, tó sì gun ọkọ̀ ní aago márùn-ún, ọtí ṣì wà lára rẹ̀ bó tilẹ̀ ti wẹ̀, tó ti fọ ẹnu, tó ti wọ aṣọ tuntun. Kọfí, omi tútù, epo pupa, ọsàn wẹ́wẹ́: kò sí èyí tó ń mú ẹ̀dọ̀ yára. Àsìkò nìkan ló ń gbé e lọ. Òfin ìrìnnà orílẹ̀-èdè wa sì ti fi ìdajì gíráàmù ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣe òpin. Ìpàdé wa kò fẹ́ kí awakọ̀ èrò dé ìdajì ibẹ̀.

8. Èyí tó ń pẹ́ kó tó hàn ló burú jù. Ẹ̀dọ̀ tí ọtí ń bá jà lójoojúmọ́ yóò kọ́kọ́ sanra, lẹ́yìn náà yóò wú, bó bá yá yóò di àpá. Níbi tí àpá bá ti bo ẹ̀dọ̀, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ikùn á kún fún omi, ẹ̀jẹ̀ á máa gba ẹnu jáde. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò hepatitis B ń fà pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ ló sì ní in tí kò mọ̀. Ọtí lórí rẹ̀ jẹ́ ìparun méjì lórí ẹ̀dọ̀ kan. Ọtí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1988: ti ẹnu, ti ọ̀fun, ti gògóńgò, ti ọ̀nà oúnjẹ, ti ẹ̀dọ̀; ó sì padà fi ti ìfun ńlá àti ti ọmú kún un. Ó tún ń jẹ́ kí fítámì B1 gbẹ nínú ara, ọpọlọ tí kò bá rí fítámì yìí lò sì lè gbàgbé ohun tí a sọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ní ti àwọn tó ń tìtorí àlè mu ún, ẹ gbọ́: ẹni tí ọtí bá ti di oúnjẹ fún, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa dójú tì í.

9. Ìpàdé fẹ́ sọ̀rọ̀ pàtó lórí páragà, ìyẹn àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, àti ògógóró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí ọtí inú ìgò aláàgbo ṣe le tó, ìyá tó ń tà á pàápàá kò mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì. Orí a fọ́ wọn, ojú a ṣú, wọn kì í rí iná mọ́, kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn òrìṣà ló bínú. Wọ́n tún ní oògùn apakòkòrò ni. Àyẹ̀wò padà fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Bí ara bá ti gba methanol, ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ iṣan ojú, tó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kò ní òórùn tí a lè fi dá a mọ̀. Kò sí ojú tó lè wo ìgò kó sọ pé kò sí nínú eléyìí.

OHUN TÍ TRAMADOL ÀTI CODEINE Ń ṢE

10. Ìrora tó le ni wọ́n ṣe tramadol fún: ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Hóró mílígíráàmù 50 tàbí 100 ni dókítà ń kọ, àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ lò ju 400 lọ láàárín ọjọ́ kan. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ tábìlì ní páàkì jẹ́ 225 tàbí 250 nínú hóró kan, àwọn ọmọ wa sì ń gbé méjì mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan.

11. Ohun méjì ni tramadol ń ṣe. Ó ń jókòó sójú ibi tí ọpọlọ ti ń gba ìròyìn ìrora, ìròyìn náà kò sì ní wọlé. Ó sì tún ń mú kí serotonin àti noradrenaline pọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èkejì yìí ló ń mú kí ara yá, tí ojú fi ń là, tí awakọ̀ fi ń sọ pé òun lè wakọ̀ dé Kánò láìdúró. Àmọ́ ọpọlọ tó ń ta jí bẹ́ẹ̀ ni gìrì ń mú.

12. Kọ̀ndọ́kítọ̀ kan jẹ́rìí ohun tó ṣojú rẹ̀. Ọkọ̀ wọn wà lórí ìlà, ó ku èrò méjì kó kún. Dírẹ́bà na ọwọ́ gba ṣéńjì, ọwọ́ náà kò padà. Ó le gbagidi. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa mọ́ra, ìfófó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara sì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Àwọn kan sáré mú ṣíbí wá láti la ẹnu rẹ̀, àwọn kan ń wá epo pupa, àwọn kan ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n rí hóró tó ṣẹ́kù nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ orí ìlà ló ti ṣẹlẹ̀. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ ẹni tí gìrì mú lẹ́nu, ẹ má fún un ní nǹkan mu. Ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tìmùtìmù gbé orí rẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè máa jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún padà mú un, ilé ìwòsàn ló kàn.

13. Ibi tó ń darí mímí ènìyàn wà ní ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Tramadol, codeine àti gbogbo ìbátan mọ́fíìnì ń mú ibẹ̀ dákẹ́. Ọtí náà ń mú un dákẹ́. Ẹni tó bá fi ọtí gbé tramadol mì ti gbé alápànìyàn méjì wọlé lọ́jọ́ kan náà. Yóò sùn, yóò máa hanrun lọ́nà tó yàtọ̀, ètè rẹ̀ yóò máa ṣú, ọmọlójú rẹ̀ yóò kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ má sọ pé kí ó sùn ún dánù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone nílé ìwòsàn, tó lè mú kó tún máa mí bí a bá tètè gbé e dé.

14. Ní ti codeine, inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń di mọ́fíìnì. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan ń ṣe é kíákíá, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n tí ọ̀rẹ́ rẹ mu tí kò ṣe é ní nǹkan lè pa ọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú àti kíkó o wọlé. Ẹni tó ń tà á ní páàkì títí dòní mọ ohun tó ń ṣe.

15. Ìpàdé fẹ́ kí gbogbo wa fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni òpó àtẹ̀jáde yìí: kò sí oògùn kankan nínú wọn tó ń fi agbára kún agbára. Bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sí dírẹ́bà gidi tí yóò yọ gílóòbù rẹ̀, kó sì máa bá ìrìn àjò lọ. Pé iná kú kò ní kí ọ́ìlì pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì ni yóò nọ́ọ̀kì. Àárẹ̀ àti ìrora ni iná tí Ọlọ́run fi sára ènìyàn. Ẹni tó gbé tramadol mì ti yọ gílóòbù. Àárẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Òun nìkan ni kò rí i mọ́.

IGBÓ, COLORADO ÀTI OMI GỌ́TÀ

16. Igbó ní èròjà kan tó ń jẹ́ THC, tó ń wọ ibi tí ọpọlọ pèsè fún èròjà tara rẹ̀. Ó ń da ìrántí láàmú, ó sì ń ba bí ènìyàn ṣe ń wọn àyè àti àsìkò jẹ́. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán á dà bí èyí tó ṣì jìnnà. Kí ẹni tó fẹ́ yà ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́ẹ̀kan ro ìyẹn dáadáa.

17. Ọ̀rọ̀ àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ wa ló ká wa lára jù. Ọpọlọ ènìyàn kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25, apá iwájú tó ń ṣe ìdájọ́ ló sì ń kẹ́yìn. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ igbó ní kékeré, tó sì ń fà á lójoojúmọ́, wà nínú ewu pé kó máa gbọ́ ohùn tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́, kó máa rò pé wọ́n ń lé òun. Ewu náà ga sí i bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìdílé rẹ̀.

18. Colorado kì í ṣe igbó. Ewé gbígbẹ lásán ni, tí wọ́n fọ́n kẹ́míkà sí. Kẹ́míkà náà lè lágbára ju ti igbó lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, kò sì sí ìdì méjì tó rí bákan náà. Ó ń fa gìrì, ó ń mú kí àyà máa lù kìkì, ó sì ti sọ ọmọ tó dá ṣáká di ẹni tó ń bọ́ṣọ lójú títì. Omi gọ́tà, níbi tí wọ́n ti po codeine, tramadol, igbó àti ohun mímu aládùn pọ̀, ni ìpàdé kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí: ohun tí a ti sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣẹlẹ̀ pọ̀ nínú ara kan ṣoṣo.

BÍ Ó ṢE Ń DI BÁRAKÚ

19. Ọpọlọ ní ọ̀nà tó fi ń san èrè fún ènìyàn bó bá jẹun nígbà tí ebi ń pa á, bó bá rí ọmọ rẹ̀, bó bá gba owó iṣẹ́. Dopamine ni èròjà tó wà nídìí rẹ̀. Ọtí àti oògùn olóró ń tú dopamine sílẹ̀ ju bí oúnjẹ àti ọmọ ṣe lè tú u lọ. Ọpọlọ kò fẹ́ ìdàrú, nítorí náà yóò dín ojú tó fi ń gbà á kù. Ìwọ̀n àná kò ní tó mọ́. Oúnjẹ kò ní dùn, ọmọ kò ní wu ni í gbé jó, ènìyàn yóò sì máa lo oògùn kí ara rẹ̀ lè kàn rí bí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó dé ibẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹni tó ń bú u ní aláìnítìjú kò tíì ràn án lọ́wọ́.

20. Àwọn elétò ìlera kìlọ̀ fún wa lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ẹni tó ti ń mutí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró gbáà láìsí elétò ìlera lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọpọlọ tí ọtí ti ń dẹ̀ lójoojúmọ́ yóò fò sókè bí ọtí bá já a sílẹ̀ lójijì: ọwọ́ á gbọ̀n, òógùn á bo ara, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè máa sọ ìsọkúsọ, kó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Èyí ń pa ènìyàn. Ẹ má gbé e lọ so mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

OHUN TÓ Ń LÉ WA DÉ ÌDÍ RẸ̀

21. Ìpàdé kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ìwà ìpáǹle ni gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ tó gba ọkọ̀ ní háyà pọ́ṣéèsì gbọ́dọ̀ pé owó ọlọ́kọ̀ kó tó rí tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ san tíkẹ́ẹ̀tì, ra epo, tún táyà ṣe. Gbágungbàgun ni ọ̀nà wa, ìjókòó ọkọ̀ ti jẹ, ọpá ẹ̀yìn ń ta á. Bó bá sinmi lónìí, owó ọ̀la ti di méjì. Oògùn àti páragà ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ní gbogbo páàkì. Ibi tí yóò na ẹ̀yìn sí kò sí.

22. Ìwádìí sì ti fi hàn pé ẹni tó wà lójúfò fún nǹkan bí wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé òpin tí òfin wa fi lélẹ̀. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó ṣì ń wakọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ti dé ibẹ̀ láì fẹnu kan nǹkan kan. Nítorí náà, bí a bá lé aláàgbo lọ tí a kò dín wákàtí iṣẹ́ kù, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Méjèèjì la gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀.

ÌPINNU ÌPÀDÉ

23. Ìpàdé pinnu báyìí pé:

(a) A kò ní ta ọtí, páragà, ọtí ọlọ́ràá tàbí oògùn kankan mọ́ nínú páàkì àti lẹ́nu géètì. Àwọn ìyá aláàgbo jẹ́ ará wa. A fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Àjọ alájẹṣẹ́kù ẹgbẹ́ yóò yá èyí tó bá fẹ́ lówó láìgba èlé, kó fi bọ́ sórí kókó, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tíì gbígbóná tàbí àsáró. Ẹni tí a bá ká oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn èyí, ọlọ́pàá ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

(b) Ẹgbẹ́ yóò ra ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí láti mọ bí ọtí bá wà lára ènìyàn. Alákòóso ìlà yóò lò ó fún gbogbo dírẹ́bà kí ọkọ̀ tó gbéra, àwọn olóyè ẹgbẹ́ tó ń wakọ̀ sì ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ.

(d) Ẹni tó bá kùnà nígbà àkọ́kọ́ yóò fún ẹni tó tẹ̀ lé e ní ìlà, yóò lọ sinmi. Kò ní san owó ìtanràn, nítorí owó ìtanràn ló ń kọ́ni bí a ti ń fi nǹkan pamọ́. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì yóò rí àwọn elétò ìlera. Ẹni tó bá tún ṣe é kò ní gbé èrò láti páàkì yìí títí ilé ìwòsàn yóò fi kọ̀wé pé ó ti dára.

(e) Kò sí awakọ̀ tí yóò wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi fún ìdajì wákàtí, kò sì sí èyí tí yóò lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ lórí sítíárìn láàárín ọjọ́ kan. Ìrìn àjò tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ gba awakọ̀ méjì.

(ẹ) Yàrá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, tí a ń kó táyà àlòkù sí, yóò di ibi ìsinmi: ibùsùn, fáànù, omi mímu. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn yóò rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú eegun àti iṣan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

(f) Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá jáde sọ pé òun fẹ́ jáwọ́ kò ní san tíkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo àsìkò ìtọ́jú rẹ̀. Àpò ìrànwọ́ yóò máa bọ́ ilé rẹ̀, a ó sì pa àyè rẹ̀ mọ́ lórí ìlà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Ábẹ́òkúta, tó ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ láti ìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ní àwọn ọdún 1950, kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn UCH sì wà n'Ìbàdàn níbí.

(g) Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọmọ ẹgbẹ́ tí oògùn ń bá jà, tàbí kó dè é mọ́lẹ̀ nítorí ìtọ́jú. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti fún ẹni tó ń ṣàìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

(gb) Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀ tàbí agbèrò ní páàkì wa mọ́. Ẹgbẹ́ yóò bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀ lórí ilé-ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

24. Lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀: kí wọ́n bá ẹgbẹ́ jókòó lórí owó ojúmọ́. Owó tí awakọ̀ kò lè pé láàárín wákàtí mẹ́wàá, owó ikú ni. Ọkọ̀ wọn náà ń bá a lọ bí ó bá forí sọ tírélà.

25. Lọ́wọ́ àjọ NAFDAC, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti ìjọba àpapọ̀: ní oṣù kejì ọdún 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí mú àṣẹ ṣẹ lórí ọtí ọlọ́ràá àti èyí tó wà nínú ìgò tí kò tó mílílítà 200. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún fún àwọn tó ń ṣe é ní àyè sí i. A ń béèrè pé kí wọ́n má ṣe fún wọn ní àyè kankan mọ́. Ohun tó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì ló ń wọ ọkọ̀.

26. Lọ́wọ́ àjọ NDLEA, tó ń gbógun ti oògùn olóró: kí wọ́n máa tọpa ẹni tó ń kó oògùn wọ páàkì, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó rí ìtọ́jú. Ẹ̀wọ̀n kò wo bárakú sàn rí.

27. Lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀: òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n wá fi orúkọ awakọ̀ sílẹ̀ ní páàkì, kí ìtọ́jú ọtí àti oògùn olóró wà lára ohun tí a ó máa gbà, kí a sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdúgbò.

SÍ ÀWỌN ÈRÒ ỌKỌ̀ ÀTI ÀWỌN ARÁ ILÉ

28. Ẹ̀yin èrò wa, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wo ojú dírẹ́bà kí ẹ tó wọlé. Bí ẹ bá gbóòórùn ọtí, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, nọ́ńbà pàjáwìrì Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun sísọ pé “Dírẹ́bà, sáré” fún ẹni tí kò tíì sùn.

29. Ẹ̀yin ìyàwó àti ìyá awakọ̀, bí ẹ bá rí i pé baba ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mutí, tàbí ó ń bínú láìnídìí, tàbí owó ilé ń dín kù tí kò sọ ohun tó fi ṣe, ẹ wá bá wa. Ẹ sì lè pe NDLEA láìsan owó lórí 080010203040 fún ìmọ̀ràn. A kò ní fi ọ̀rọ̀ yín ṣe ìròyìn páàkì.

30. Àtẹ̀jáde yìí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá kà á sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, tí awakọ̀ méjì, kọ̀ndọ́kítọ̀ kan, olóúnjẹ kan àti ìyàwó awakọ̀ kan wà nínú rẹ̀, ni yóò máa ṣọ́ bí a ṣe ń mú un ṣẹ, yóò sì máa jábọ̀ fún ìpàdé oṣooṣù. Olóyè tó bá tàpá sí i yóò fi ipò sílẹ̀.

Fún ìpàdé gbogboogbò,

Alága Ẹgbẹ́
Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Olùtọ́jú Àpò Ìrànwọ́
Aṣojú Àwọn Kọ̀ndọ́kítọ̀
Ìyálọ́jà Inú Páàkì